Ẹ̀wà Awùjẹ Lẹ́yìn Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tiwa kò gùn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí nídìí ẹ̀wà. Láti oṣù kẹwàá 2023 sí oṣù kẹwàá 2024, owó rẹ̀ lọ sókè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Àwa tí à ń tà á ní Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá pàápàá, ife mílíìkì la fi ń wọ̀n ọ́n fún ọmọ tiwa nílé. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Bí epo mọ́tò bá wọ́n, àwa la ó san án.

Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ní ẹ̀wà tí kì í wọ mọ́tò. Awùjẹ ni, tí àwọn kan ń pè ní pòpòǹdó. Etí ebè ni wọ́n ń gbìn ín sí lóko, á sì fà mọ́ igi iṣu. Kì í gba ilẹ̀, òkè ló ń lọ. Ìyẹn ló ṣe bá Abẹ́òkúta mu, níbi tí àpáta ti gba ìdajì àgbàlá.

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin, ẹ kọ ebè kékeré lẹ́bàá ọgbà, ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ ri ọparun tó ga ju ènìyàn lọ mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbìn, torí ẹni tó bá dúró kó hù tán, gbòǹgbò ni yóò fi igi gún. Hóró mẹ́ta sí ihò kan. Bó bá hù, ẹ fi méjì sílẹ̀. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ sí i jù, ewé ni yóò máa yọ, kò ní so. Ewúrẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò o, tiwa kì í jalè.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Awùjẹ tí kò jinná ní májèlé nínú, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù. Ẹ bọ̀ ọ́ láìdé ìkòkò, ẹ tún da omi yẹn nù, kí ẹ tó fi omi mìíràn sè é títí yóò fi rọ̀ dénú. A mọ̀ pé gáàsì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìjinná. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé já a jẹ ní tútù.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó dé pinpin. Ẹ má fi oògùn kòkòrò sí i rárá. Ní 2019, NAFDAC dá títa dichlorvos inú ìgò kékeré dúró nítorí àwọn tó ń ṣì í lò.

Irúgbìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì akápò. Hóró mẹ́wàá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá so, ogún lẹ ó dá padà fún àwọn tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní èlé bí owó àyálò wa.