Ìmúra Kámẹ́rà Ṣáájú Ọjọ́ Ìyàwòrán

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ ya fídíò wí gidigidi, pàápàá bí ibi tí ó ń lọ bá jẹ́ Ladi-Lak, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàríga ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ariwo ibẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ dánfó ń pe èrò, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń dún láìdákẹ́. Oòrùn a máa ta ganrínganrín lójú títì, nígbà tí òkùnkùn wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí títì náà. Ẹni tí ó bá di irú ibẹ̀ kí ó tó wá mọ iṣẹ́ bọ́tìnnì kámẹ́rà rẹ̀, ó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti Yunifásítì Èkó, tí ó wà ní Akọka nítòsí ibẹ̀, fẹ́ lọ ya fídíò bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ń tẹ̀wé láti ìgbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé. Wọ́n fẹ́ kí ó fi Yorùbá dárúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ bí wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí bàbá bá sọ lọ́jọ́ náà, kò dájú pé yóò tún un sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ náà ju ti máàkì ìdánwò lọ.

Láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà gbàrà tí ó bá dé ni kí wọ́n ki gbogbo bátìrì bọ iná. Kí wọ́n da àwòrán àtijọ́ inú káàdì kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n rí i pé ó ṣí, kí wọ́n tó nu káàdì náà mọ́ nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Fídíò tí ó mọ́ kedere lè jẹ mẹ́gábáìtì 750 ní ìṣẹ́jú kan; káàdì gígábáìtì 64 yóò kún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 85. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtẹ̀yìnwá sì máa ń dáwọ́ dúró fúnra wọn kí ó tó pé ìṣẹ́jú 30. Àgbà kì í mọ̀ pé kámẹ́rà ti kú. Yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni.

Kámẹ́rà tókúnbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Iná Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Bí wọn kò bá yí kámẹ́rà náà sí àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí ojú rẹ̀ sì máa là fún ìdá 50 ìṣẹ́jú-àáyá, iná inú ṣọ́ọ̀bù lè máa ṣẹ́jú wìràwìrà nínú fídíò, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò rí i.

Ojú bàbá ńkọ́? Ní ayé fíìmù, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni dúdú ni ó jìyà rẹ̀. Kámẹ́rà ayé òde òní náà, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kí ó máa dá ìpinnu ṣe, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni yóò wò, bàbá yóò sì dúdú bí òjìji. Ojú rẹ̀ ni kí wọ́n fi wọn ìmọ́lẹ̀. Kí wọ́n sì fi ìwé funfun kọ́ kámẹ́rà ní àwọ̀ funfun. A kì í sáà wá ìwé funfun tì ní Ṣómólú.

Ṣùgbọ́n ohùn ni ó ṣòro jù, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú kéré jù. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí bàbá bá sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ìwé, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn ìsàlẹ̀ mì, ta ni yóò mọ̀ lẹ́yìn ọdún 20 bóyá awọ ẹran tí wọ́n fi di ìwé ni ó ń sọ? Bí kámẹ́rà bá ń dá ohùn wọ̀n fúnra rẹ̀, nígbà tí bàbá bá dákẹ́ mí, yóò gbé ariwo ìta sókè. Nígbà tí ó bá fi agbára sọ̀rọ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n pa ìyẹn. Kí wọ́n fi máìkì kékeré há àyà aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí, kí ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?” Bí bàbá ti ń dáhùn ni kí wọ́n máa yí bọ́tìnnì, kí ọ̀rọ̀ tí ó le jù má kọjá nǹkan bí 12 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n ohùn.

Gbogbo èyí ni kí wọ́n ti fi ara wọn dánwò nílé, kí ọ̀kan ṣe bàbá, kí wọ́n wo ìṣẹ́jú kan náà lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n kí bàbá kú iṣẹ́, kí ìdérí ṣì wà lójú kámẹ́rà títí yóò fi ní kí wọ́n jókòó.