Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Jẹjẹrẹ Ọ̀nà Ọ̀fun

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun máa ń dí ibi tí oúnjẹ ń gbà dé ikùn: iyán á kọ́kọ́ há, nígbà tó bá yá, ẹ̀kọ mímu àti omi pàápàá á máa há. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí àrùn náà, àyẹ̀wò FBC (full blood count), tó ń ka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, lè fi kún ohun tó mọ̀ nípa ibi tó ń lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì. Lymphocyte ń gbógun ti jẹjẹrẹ. Neutrophil, tó máa ń pọ̀ níbi tí ara bá ti wú, lè ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti dàgbà. Iye lymphocyte ni wọ́n fi ń pín iye neutrophil: 6,000 tí a fi 1,500 pín jẹ́ 4. Ọ̀pọ̀ ìwádìí, pàápàá láti Ṣáínà àti Japan, fi hàn pé ẹ̀mí ẹni tí iye yìí bá ga lára rẹ̀ kì í sábà gùn tó ti ẹni tí tirẹ̀ kéré.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n ibẹ̀ kò ṣeé gbé wá sí Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ ní Èkìtì bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn, àbùdá yìí sì máa ń jẹ́ kí neutrophil kéré láìsí àìsàn kankan. Èyí ló yẹ kó jẹ dókítà lógún jù níhìn-ín. Ibà àti oògùn steroid náà ń yí iye náà padà.

FBC kò lè fi jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun hàn. Kí ẹni tí oúnjẹ bá ń há lọ́fun tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì.