Bí Windows bá ní òun ò rí hard disk, kò túmọ̀ sí pé ó ti kú

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù àǹtí wa tó ń ta léèsì ní Sabon Gari ni mo fẹ́ sọ, torí ẹni kẹta rèé tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí nínú group yìí.

Àǹtí wa ní kí wọ́n bá àwọn fi Windows tuntun sí i, torí ti tẹ́lẹ̀ ti ń fà. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ó ń báṣẹ́ lọ. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń yan hard disk, ojú ibẹ̀ ṣófo: "We couldn't find any drives." Ló bá ní hard disk ti kú, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ orúkọ gbogbo àwọn tó kó ọjà àwìn lọ sí Katsina àti Maiduguri, orí ẹ̀ ló wà!

Ẹ jọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù tó tan dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ló pa hard disk ẹ̀ kó tó di ọ̀sán? Ó lè ṣẹlẹ̀ o, àmọ́ òun kọ́ la máa kọ́kọ́ rò.

BIOS ni kí ẹ ní kó kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ ohun tó wà nínú ara ẹ̀ kí Windows tó dé rárá. Bí ẹ bá ti ń tan án, ẹ máa tẹ F10 léraléra tó bá jẹ́ HP, F2 fún Dell, F1 tàbí F2 fún Lenovo. Bí orúkọ hard disk bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé kò kú. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, kí wọ́n tú ẹ̀yìn, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tún un kì dáadáa, kí wọ́n sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn wò, kí ẹ tó náwó.

Ti àǹtí wa wà nínú BIOS. Fláàṣì ni kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel láti ìran kọkànlá, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2020, bí i5-1135G7, ló ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní VMD. Ẹ wò ó báyìí: ẹ rán ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé sílé alhaji kan. Ó bá maigádì lẹ́nu géètì, kò gbọ́ Hausa, ó padà wá, ó ní kò sẹ́nì kankan nílé. VMD ni maigádì yẹn. Driver ni ògbufọ̀. Windows àtijọ́ ti ní ògbufọ̀ tiẹ̀, ti inú fláàṣì ni kò ní.

Kí ọmọkùnrin yẹn lọ sí ìkànnì àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, kó wa driver Intel Rapid Storage Technology tó bá a mu, kó tú u sínú fódà kan lórí fláàṣì. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà nìyí: wọ́n á gbé fáìlì .exe sílẹ̀ láìtú u, Windows ò sì lè kà á, fáìlì.inf ló ń wá. Tó bá padà dé ojú ibi tó ṣófo yẹn, kó tẹ Load driver, lẹ́yìn náà Browse, kó yan fódà yẹn. Hard disk máa yọ.

Àwọn mìíràn á kàn pa VMD nínú BIOS. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ Windows àtijọ́ lè kọ̀ láti wọlé àyàfi tí wọ́n bá tún un tàn. Tí BitLocker bá ti hard disk yẹn pa, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ìwé gbèsè ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ má tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bó bá sì yọ, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú! Kó má tẹ Delete, kó má tẹ Format. Ohun tí a ṣe fún àǹtí wa ni pé a yọ fláàṣì, a tan láptọ́ọ̀pù padà bó ṣe wà, Windows àtijọ́ wọlé, a kó gbogbo àkọsílẹ̀ àwìn sórí fláàṣì mìíràn. Ìgbà yẹn la tó ní kó máa báṣẹ́ lọ. Wọn ò ra hard disk kankan.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú BIOS, ẹ fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Ẹ má gbé nọ́ńbà BitLocker sínú group o.