Eré-Ìje Alùpùpù ní Erékùṣù Man Láàárín Ogun Àgbáyé Méjèèjì

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé alùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ nípa eré-ìje alùpùpù. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn ohun tí ń sáré, àwọn òbí wọn sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó yẹ nígbà náà kí a mọ irú ènìyàn tí àwọn tí ó lókìkí nínú rẹ̀ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi hàn yín: nínú eré yìí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó yára, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó gba ife.

Erékùṣù Man wà nínú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Áyálàǹdì. Nígbà náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a sé ọ̀nà ọba fún eré-ìje, ṣùgbọ́n erékùṣù yìí ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní Tynwald, àwọn wọ̀nyí sì fọwọ́ sí i. Báyìí ni eré tí gbogbo ayé mọ̀ sí TT ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1907. Ogun dá a dúró lẹ́yìn ti 1914, ó sì di 1920 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan ju máìlì 37 lọ. Láti ìlú Douglas ni ọ̀nà náà ti gba àárín àwọn abúlé lọ sí Ramsey. Lẹ́yìn náà ni yóò gun ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell, títí yóò fi ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,300 lọ, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ padà sí Douglas. Ògiri òkúta ni ó wà létí rẹ̀ níbi púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò tí à ń sọ yìí, òkúta àti eruku ni ọ̀nà orí òkè, àgùntàn a sì máa gba orí rẹ̀ kọjá. Àwa tí iṣẹ́ ìjọ ń gbé lọ sí oko lórí alùpùpù kò nílò àlàyé lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í tú gbogbo àwọn olùdíje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé ni wọ́n ń gbéra, aago ni ó sì ń ṣe ìdájọ́ láàárín wọn. Nítorí náà, ènìyàn lè kọ́kọ́ dé ilé kí ó má sì gba nǹkan kan.

Ní 1920, Tommy de la Hay fi ìpíndọ́gba máìlì 51 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan gba ife Senior lórí Sunbeam. Ní 1939, máìlì 89 ó lé díẹ̀ ni ẹni tí ó gbà á sá. Àwọn baba wa ní eré tí ajá fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin.

Jimmie Simpson ni kí a kọ́kọ́ wò. Òun ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀nà náà ká ní máìlì 60 ní wákàtí kan, ní 1924. Òun náà ni ó kọ́kọ́ sá 70, ní 1926, àti 80, ní 1931. Síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó borí nínú TT, ní 1934, lórí Rudge kékeré, ọdún náà gan-an tí ó fi eré-ìje sílẹ̀. Léraléra ni ẹ́ńjìnnì ń bàjẹ́ mọ́ ọn lábẹ́.

Stanley Woods, ará Dublin, yàtọ̀. Ní 1922, nígbà tí kò ì tí ì pé ọmọ ogún ọdún, iná mú alùpùpù rẹ̀ bí ó ti ń bu epo. Wọ́n pa á, ó tún gùn ún, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Ní ọdún kejì ó borí. Kí ó tó di òpin 1939, ó ti borí nígbà mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó kọjá iye yẹn títí di 1967.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Senior ti 1935. Kùrukùru bo òkè ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì sún eré náà sí ọjọ́ Sátidé. Ìyípo méje ni, máìlì 264. Jimmie Guthrie, ará Hawick ní ilẹ̀ Skọ́tláńdì, ni ó kọ́kọ́ gbéra lórí Norton, alùpùpù tí ó ti gba ife náà lọ́dọọdún láti 1931. Woods ni ẹni ọgbọ̀n. Guthrie ti lọ fún ohun tí ó ju ìṣẹ́jú 14 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Moto Guzzi ti ilẹ̀ Ítálì ni ó gùn, tí sípíríńgì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Norton dúró gbọin-gbọin lára irin. Nígbà tí ó ku ìyípo kan, Guthrie fi ìṣẹ́jú-àáyá 26 ṣíwájú. Àwọn ènìyàn Woods wá gbé ohun èlò kalẹ̀ ní ibùdó wọn, bí ẹni tí ó fẹ́ bu epo fún ọ̀gá wọn. Àwọn ará Norton rí i, wọ́n sì gbà pé yóò dúró. Woods kò dúró. Ó tẹ orí ba sórí táńkì, ó sì kọjá lọ bí àṣá. Ìyípo ìkẹyìn yẹn ni ó sì yá ju gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni ti sá rí níbẹ̀. Guthrie ti parí, wọ́n sì ti ń kí i kú oríire, kí Woods tó dé. Nígbà tí wọ́n wo aago, wákàtí 3, ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni Woods lò. Guthrie fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 pẹ́ jù ú lọ, ìwọ̀n àkókò tí a fi ń kí ara ilé.

Àwọn kan lè pe èyí ní ẹ̀tàn. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀: kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn sọ fún alátakò rẹ̀ bí epo inú táńkì òun ti pọ̀ tó. Àwọn ará Norton pàápàá kọ́ ẹ̀kọ́. Ní 1936 sípíríńgì ti wà lẹ́yìn alùpùpù eré-ìje tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń lọ nínú eré yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Àṣíborí ti di dandan níbẹ̀ láti 1914. Kò gba gbogbo ènìyàn là. Títí di 1927, wọ́n ń fi ọ̀nà náà dánra wò nígbà tí àwọn ará ìlú ń rìn lórí rẹ̀. Ní ọdún náà ni Archie Birkin pàdé ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan nítòsí Kirk Michael, ó sì kú. Láti 1928 ni wọ́n ti ń sé ọ̀nà fún ìdánrawò pẹ̀lú. Ó dùn wá pé òkú ènìyàn ni ó la ojú àwọn aláṣẹ sí ohun tí ọmọdé pàápàá lè rí. Guthrie náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò bínú nítorí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, kú ní ilẹ̀ Jámánì ní oṣù Ògọ́sítì 1937, nígbà tí ó ń ṣíwájú ní ìyípo ìkẹyìn. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lórí òkè Erékùṣù Man, níbi tí alùpùpù rẹ̀ ti dúró mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú Senior rẹ̀ ìkẹyìn.

Ní oṣù Júùnù 1939, Georg Meier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba Senior lórí BMW tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Karl Gall, ẹnìkejì rẹ̀, ti kú nínú ìdánrawò. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí TT padà dé ní 1947, wọ́n ti fòfin de ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yẹn, epo tí ó wà kò sì dára. Harold Daniell, tí ó ti sá máìlì 91 ní wákàtí kan lórí Norton ní 1938, ni ó gba Senior ọdún náà. Eré rẹ̀ ti 1938 ni ẹnikẹ́ni kò sì bórí títí di 1950.