Nígbà Tí Gaddafi Ní Kí Wọ́n Pín Nàìjíríà

 Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí aáwọ̀ láàrin àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ẹnu wọn kì í dákẹ́. Kò sí ìdí tí mo fi ní láti mú yín lọ jìnnà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa ní oṣù kẹta ọdún 2010, ó sì kan gbogbo Yorùbá tó fi òkè Ọya ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua wà lórí àìsàn, Goodluck Jonathan sì ti di adelé ààrẹ láti ọjọ́ 9 oṣù kejì. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè Jos. Ní oṣù kìíní, wọ́n pa àwọn Mùsùlùmí ní Kuru Karama. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, wọ́n pa àwọn Kristẹni ní Dogo Nahawa, tọmọdé tàgbà. Omijé kò tíì gbẹ lójú àwọn ènìyàn tí Muammar Gaddafi, olórí Líbíà, fi la ẹnu. Ó ní ohun tó lè parí ìjà náà ni kí a pín Nàìjíríà sí méjì, kí àwọn Mùsùlùmí mú àríwá, kí àwọn Kristẹni mú gúúsù, gẹ́gẹ́ bí Íńdíà àti Pakistan ti ṣe ní 1947.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Íńdíà yóò mi orí. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ló sá kúrò nílé baba wọn nígbà ìpín náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló kú sójú ọ̀nà àti nínú ọkọ̀ ojú irin. Ohun tí Gaddafi fẹ́ fún wa gẹ́gẹ́ bí oògùn nìyẹn.

Níbo tilẹ̀ ni ààlà náà ì bá gbà? Ṣé Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Kàbà yóò lọ pẹ̀lú àríwá, kí Ògbómọ̀ṣọ́ dúró ní gúúsù? Nínú agboolé kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n a máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a sì jọ jẹ ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì. Èwo nínú wọn ni kó di ẹrù rẹ̀? Àwa tí a wà níbí ńkọ́, tí a ti kọ́lé, tí a ti sìnkú òbí wa síbí, tí àwọn ọmọ wa gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ? (Kí wọ́n má bínú sí mi o, wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni.)

Ọ̀nà méjì ni Nàìjíríà gbà fèsì. David Mark, ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, pè é ní wèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ó dùn mọ́ èmi náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè pe aṣojú wa ní Tripoli wálé fún ìfikùnlukùn, wọ́n sì sọ pé ọ̀rọ̀ tí Gaddafi sọ kò yẹ olórí tó ní làákàyè. Ẹ fiyè sí ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 17, ọjọ́ kan ṣáájú, adelé ààrẹ ti tú gbogbo mínísítà ká, àwọn akọ̀wé àgbà ló ń bójú tó iléeṣẹ́ ìjọba. Èmi tí mo jẹun lẹ́nu iṣẹ́ ọba fi ìyẹn yangàn díẹ̀: kò sí mínísítà nílé, iṣẹ́ kò sì dúró.

Àtẹ̀gùn ni ìbínú láàrin orílẹ̀-èdè. Ìjọba lè pe aṣojú ẹnì kejì kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó lè pe aṣojú tirẹ̀ wálé. Ó lè lé ti ẹnì kejì lọ. Èyí tó le jù ni kí wọ́n já okùn pátápátá, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ohun tí Nàìjíríà ṣe fi ìbínú hàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Tripoli wà ní ṣíṣí. Ó sì ní láti wà bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Líbíà: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó há sójú ọ̀nà Yúróòpù, àti àwọn tó wà lẹ́wọ̀n tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún. Ní ọdún 2000 tí àwọn ará Líbíà dojú ìjà kọ ènìyàn dúdú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fi bàálù kó wálé. “Wèrè” kò lè gba ẹlẹ́wọ̀n kan sílẹ̀. Mi ò dá aṣòfin lẹ́bi, òun ló ń gbé ìbínú àwọn ará ìlú sọ. Ṣùgbọ́n ká ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìkan la sọ, inú àwọn tó wà ní àkàtà Gaddafi ni yóò ti ro wá.

Gaddafi kò dákẹ́. Kí oṣù náà tó parí, ó ní méjì kò tó, kí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi Yugoslavia, ó sì dárúkọ Yorùbá, Igbo àti Ìjọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló pe àwọn olórí Áfíríkà jọ sí Sirte ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 1999 kí ilẹ̀ adúláwọ̀ lè di ọ̀kan. Òun ló jẹ́ alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà títí di oṣù kìíní ọdún 2010 náà. Ní oṣù kẹwàá, tí gúúsù Sùdáànì ń múra láti dìbò, ó kìlọ̀ ní ìpàdé kan ní Sirte pé pípín Sùdáànì yóò dà bí àrùn tó ń ràn káàkiri Áfíríkà. Aládùúgbò rẹ̀ ni Sùdáànì. Oṣù méje péré ló sọ oògùn Nàìjíríà di àrùn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2011, ó ku ọjọ́ kan kó pé ọdún tí a pe aṣojú wa wálé, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé dìbò lórí Líbíà. Nàìjíríà wà lórí àga níbẹ̀, ó sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní sọ pé ìbínú ọdún 2010 ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gaddafi nílò alágbàwí ní Abuja, kò rí. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní 2014, ìjọba méjì dìde ní Líbíà, ọ̀kan ní Tripoli, èkejì ní ìlà-oòrùn. Láti ìparí 2017, nígbà tí gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n ń ta ènìyàn dúdú lẹ́rú níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà tún wọ bàálù wálé. Kí wọ́n tó wọ bàálù, ẹnì kan ní láti jẹ́rìí pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, kó sì fún wọn ní ìwé ìrìnnà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú wa ní Tripoli ló ṣe é.