Àdéhùn Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí



Ẹ̀yin àgbẹ̀ olówùú Ìdáàṣà tí ẹ ń pọn oògùn apakòkòrò sẹ́yìn nínú oòrùn mọ ibi rẹ̀ jù mí lọ, n kò ní kọ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ìdí tí àdéhùn àtinúwá láti dín májèlé kù fi ń so èso níbì kan, tó sì ń di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán níbòmíràn.

Ní 1999, oògùn tí a ń fín kò ran kòkòrò tó ń jẹ èso òwú mọ́. Wọ́n bá kó oògùn apakòkòrò endosulfan wọ oko. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kú ní ìhà Borgou ní Benin yìí. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹni tó fín in. Oúnjẹ tí oògùn kàn ni wọ́n jẹ. Ẹ wo ike oògùn kan: ó nípọn, ọmọrí rẹ̀ dé dáadáa, kì í jò. Ta ni yóò jù ú nù nígbà tó ń wá ohun tí yóò rọ epo sí? Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òórùn á lọ, májèlé á kù síbẹ̀.

Láti 1996 ni ẹgbẹ́ OBEPAB ti ń bá àwọn àgbẹ̀ kan dá òwú tí kò mọ oògùn òyìnbó. Wọ́n ń gún kóró dóńgóyárò, wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fín in. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn. Ṣùgbọ́n ayẹ̀wò ń bọ̀ lóko, owó òwú náà sì ju ti ọjà lọ. Ẹlẹ́rìí wà, èrè wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà: òfin 1986, tó tẹ̀ lé jàǹbá májèlé Bhopal ní Íńdíà, sọ pé kí ilé iṣẹ́ máa kéde májèlé tó ń tú jáde. Ní 1991, ìjọba bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín irú 17 kù, òjé àti benzene wà lára wọn: ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1992, ìdá 50 ní 1995. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ilé iṣẹ́ tó gbà, wọ́n sì dé ìdá 50 ní 1994. Àwọn tí kò tọwọ́ bọ̀wé náà dín tiwọn kù, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé ìwé ìṣirò májèlé tí gbogbo ayé ń kà ló ṣiṣẹ́ jù.

Níbi tí kò ti sí ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ rántí Koko ní Nàìjíríà, 1988. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wọ̀lú láti Ítálì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́hùn-ún ló tú àṣírí náà.

Àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ti ka endosulfan mọ́ èèwọ̀ ní 2011, àmọ́ oògùn mìíràn ṣì wà nílẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e láti oko ẹnì kan sí oko aládùúgbò. Nítorí náà mo bẹ yín: kí ẹgbẹ́ olówùú kọ̀ọ̀kan máa ka ike oògùn tó rà àti èyí tó dá padà, kí ẹ máa kà á sókè nípàdé. Ẹni tó bá ń ta oògùn tí kò gba òfìfo ike padà, ẹ má ra tirẹ̀.