Ẹ Jẹ́rìí Wa, A Ó Jẹ́rìí Yín

Ọ̀rọ̀ ìdágbére fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè tó parí sẹ̀mẹ́sítà wọn, ní Apọ́ngbọ̀n, Ìsàlẹ̀ Èkó

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kó gùn. Mo gbọ́. Ẹ ṣáà fún àgbàlagbà láyè díẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí ẹ dé, "Ẹ káàárọ̀" nìkan ló yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé lálẹ́ pàápàá òun lẹ fi ń kí wa. Ní báyìí, ẹ ti ń ná ọjà ní Balógun, ẹ ti mọ ìgbà tí oníṣòwò ń ṣe àwàdà àti ìgbà tó ti bínú. Ẹ ti ń bá kọ̀ǹdọ́ dáńfó fà á lórí ṣéńjì. Ẹni tó bá sì ti lè gba ṣéńjì rẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹdọ́ Èkó ti yege, kí olùkọ́ tó fún un ní máàkì kankan.

Ìwé ẹ̀rí yín wà lórí tábìlì, ẹ ó gbà á láìpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìwé náà kò mẹ́nu bà, òun ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti kúrò níbí, ẹlẹ́rìí ni yín. Ẹnikẹ́ni ní ìlú yín tó bá fẹ́ mọ bí Èkó ṣe rí, ẹ̀yin ni yóò bi. Àwa náà, ẹlẹ́rìí ni wá lórí ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí à ń ṣe lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: à ń fi orúkọ wa lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ń fi tiyín sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tiyín tó wà lọ́wọ́ wa. Apọ́ngbọ̀n tí a jókòó sí yìí, àlejò kan ló fa orúkọ rẹ̀. William McCoskry, oníṣòwò ará Britain, ló di adelé gómìnà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n. Ohun tí ojú àwọn ará Èkó rí nìyẹn, òun ni wọ́n sì fi pè é. Bí ẹ bá dúró lábẹ́ afárá Èkó lónìí, tí ẹ ń bi àwọn tó ń kọjá pé ta ni McCoskry, àfàìmọ̀ kí ilẹ̀ má ṣú bá yín. Ipò rẹ̀ ti lọ, òwò rẹ̀ ti lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ni àwọn agbèrò ṣì ń pè láàárọ̀ lálẹ́. Àlejò kì í yan ohun tí onílé yóò fi rántí òun.

Ẹ̀yin náà ti lórúkọ níbí, ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Ọ̀kan wà nínú yín tí àwọn alájàpá Ìdúmọ̀tà ń pè ní Ọmọ Ẹ̀wà, nítorí pé kò sí àárọ̀ tí kì í jẹ ẹ̀wà àgọ̀yìn. Ọ̀kan wà tí àwọn ọmọdé Olówógbowó sọ ní Dúpẹ́, torí pé "mo dúpẹ́" ló fi ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ lóhùn, títí kan ìgbà tí awakọ̀ bú u. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ìyá tó wà lẹ́yìn yẹn náà ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Nítorí náà, ẹ dágbére dáadáa. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfuurufú yín yóò gbéra, àyè ṣì wà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀wà, ẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ṣí géètì fún yín lóru. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ. Bí ẹ bá jẹ ẹnikẹ́ni lówó búrẹ́dì, ẹ san án, bó tilẹ̀ jẹ́ igba náírà. Ẹni tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ yín tọ̀ lọ, ẹ má fi ẹ̀bùn rán ẹlòmíràn sí i. Ẹ má sì ṣe ìlérí tí ẹ kò ní mú ṣẹ. Ọmọdé tí ẹ bá sọ fún pé ẹ ń bọ̀ wá mú un lọ sí Amẹ́ríkà, yóò máa ka ọjọ́, ìyá rẹ̀ ni yóò sì máa dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ẹ kúkú sọ fún un pé ẹ ó pè é lórí fóònù ní Sátidé. Bí Sátidé bá dé, kí ẹ pè é.

Ó wá ku orúkọ tiwa tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí nìyẹn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ afárá Èkó. Ariwo nìkan lẹ gbọ́. Nígbà tó yá, ẹ mọ ẹni tó ń pèrò sínú ọkọ̀, ẹ mọ ẹni tó ń polówó ọjà, ẹ sì mọ alábàárù tó ń bẹ̀ yín kí ẹ yà lọ́nà kí ẹrù orí rẹ̀ má baà gbá yín. Ẹni tó bá ti lè ya àwọn ohùn yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè padà sílé lọ sọ pé aláriwo ni wá, kó sì fi mọ síbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ bo àléébù wa mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé iná ọba máa ń lọ, òótọ́ ni. Bí ẹ bá sọ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú yín lórí afárá títí ìpàdé fi tú, òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, iná sọ nínú ọjà tó wà lábẹ́ afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n níbí, ó ba afárá náà jẹ́ débi pé ìjọba tì í pa. Ẹni tó gbọ́ ọ lókèèrè lè ní àwa ará Èkó kò lófin, kó sì yíjú sí nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti gbé ibí yóò béèrè sí i: kí ló gbé oníṣòwò dé abẹ́ afárá? Ta ló ń gbowó ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn? Nígbà tí wọ́n kó wọn kúrò, ibo ni wọ́n rí gbà? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹ sọ àbùkù wa, kí ẹ sọ ohun tó fà á pẹ̀lú.

Kò ní rọrùn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nílé yín, àwọn kan yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn àánú, pé ẹ wá síbi tí ìyà ti ń jẹ ènìyàn, ẹ sì ṣoore. Àwọn mìíràn yóò fẹ́ gbọ́ pé ìlú aláyọ̀ tí kò ní ìṣòro kankan lẹ ti ń bọ̀. Méjèèjì ló ń tà wàràwàrà. Ẹ má tà á fún wọn. Ẹ wo àwọn àwòrán tó kún inú fóònù yín pẹ̀lú. Kí ẹ tó gbé ọ̀kan síta, ẹ bi ara yín bóyá ẹni inú rẹ̀ mọ̀ pé ẹ ya òun, àti bóyá ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ya ìyá kan tó ru ẹrù ní Ẹbúté Èrò, tí ẹ kọ "ìṣẹ́" sábẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé òwò yẹn gan-an ló fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì, ẹ ti jẹ́rìí èké mọ́ ọn.

Ẹni kan ti rin irú ìrìn yín rí. Robert Campbell ni orúkọ rẹ̀. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, ó sì ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia. Ní 1859 ó dé Èkó. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Martin Delany, ló jọ wá ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà lè padà wá gbé. Ó dé Abẹ́òkúta, ó dé òkè lọ́hùn-ún títí dé Ìlọrin. Ní 1860 ó padà lọ, ní 1861 wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìrìn-àjò náà jáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń parí rẹ̀ sí nìyẹn: wọ́n á wò, wọ́n á lọ, wọ́n á kọ ọ́. Campbell kó ìyàwó àti ọmọ, ó padà wá sí Èkó ní 1862. Ní 1863 ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀, òun sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú yìí. Èkó níbí ló kú sí ní 1884. Ẹ rò ó wò: àwọn tó kọ nípa wọn lè pàdé rẹ̀ ní ìgboro lọ́jọ́kọ́jọ́, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó kọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyẹn. Mi ò ní kí gbogbo yín kó wá sí Èkó. Àmọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wa, ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé òun yóò tún jẹun lọ́wọ́ àwọn tí òun ń sọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà mìíràn, ẹlòmíràn ni yóò purọ́ mọ́ wa, ẹ̀yin yóò sì wà ní ìjókòó. Ní 1924, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn London kan tẹ ọ̀rọ̀ àbùkù jáde nípa àwọn ará Nàìjíríà. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin níbẹ̀, mú gègé, ó kọ̀wé ta kò wọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright ọmọ Sàró kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọn ò dákẹ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín, ẹ má wò yíká bóyá ọmọ Nàìjíríà kan wà nítòsí tí yóò dáhùn. Ẹ̀yin ti gbé ibí. Ẹ dáhùn.

Kí ẹ lè máa dáhùn, ẹ má jẹ́ kí èdè yìí kú lẹ́nu yín. Sẹ̀mẹ́sítà kan tó fún ìkíni, ó tó fún ọjà nínà. Kò tíì tó fún oríkì. Ẹ wo Karin Barber, ará Britain tó gbé ní Òkukù, tó sì kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ó kọ ìwé lórí oríkì Òkukù. Òun náà ló túmọ̀ ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas kọ́kọ́ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930. Kì í ṣe sẹ̀mẹ́sítà kan ló fi mọ èyí. Àìdákẹ́ ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ka Aláròyé, ẹ máa ka BBC Yorùbá. Ẹ wá àwọn Yorùbá ìlú yín rí, wọn ò ṣọ̀wọ́n, ilé ìjọsìn wọn àti ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu kò pamọ́. Bí ẹ bá sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí màmá tó gbà yín sílé, ẹ ní kó máa tún un ṣe fún yín. Inú rẹ̀ yóò dùn sí i ju owó lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Èkó, mi ò gbàgbé yín. Àwọn àlejò yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú yín lọ bi ìyá àgbà ní ìbéèrè tí ẹ kò bi í rí. Ẹni tó ti ń gba iwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey kọjá láti kékeré, òun àti àlejò rẹ̀ ló jọ mọ̀ pé ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wà nínú kíkọ́ ilé tí wọ́n ṣí ní 1894 náà. Ẹ jọ jẹ fìrìjọ́n ní Fúráìdì tó ṣáájú Àjíǹde, ẹ wá béèrè ẹni tó gbé e dé láti Brazil. Ọ̀pọ̀ yín náà yóò lọ láìpẹ́: sí Kútọnu, sí Lomé, sí London. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí lára yín nígbà tí àlejò bá fẹnu tẹ́ oúnjẹ wa láìtíì tọ́ ọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín. Ẹ ò ní rí ibi lọ́nà. Wọn ò ní dá yín dúró ní pápákọ̀, ẹrù yín kò ní sọnù. Ẹ ó bá àwọn òbí yín láyọ̀, ẹ ó bá wọn láàyè. Ohun tí ẹ kọ́ yóò wúlò fún yín, yóò sì wúlò fún àwọn tó kọ́ yín. Ẹnu yín kò ní fi wá sí ìtìjú, ẹnu tiwa náà kò ní ba orúkọ yín jẹ́. Àmín o.

Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Ẹ bá wa kí wọn nílé, kí ẹ sì sọ fún wọn bí a ṣe rí gan-an.